Rúkúù Ẹ̀yìn Àká

Àmúdà kì í kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ni àyà rẹ̀ ti máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé, tí á máa fọn fèrè: fíì, fóò, fíì, fóò. Àwọn tó wà nínú ilé á ti gbé àpótí sílẹ̀ dè é. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé bí ìṣẹ́ bá sún òun débi pé kí òun jalè, àfi kí òun kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí onílé, nítorí onílé á sáà gbọ́ òun láti òpópónà kejì. Ikọ́ fée ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó kọ́kọ́ mú un. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí, ikọ́ náà kò sì tíì wá ibòmíràn lọ.

"Ọlọ́run fún ẹlòmíràn ní ohùn," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún àwọn tí wọ́n jọ ń hunṣọ, "ó fún ẹlòmíràn ní owó. Fèrè ló fún èmi, kò wá fún mi ní èémí tí n ó fi fọn ọ́n."

Iṣẹ́ wo wá ni ẹni tí àyà rẹ̀ ń fọn fèrè ń ṣe ní Ìsẹ́yìn? Òfì ni. Inú ilé òfì tí èérún òwú ti ń fò kiri láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń bà lé orí, tó ń bà lé ìpéǹpéjú, tó ń wọ imú láìkágò, ibẹ̀ ni Àmúdà jókòó sí. Kì í kúkú ṣe pé ó yàn án. Bàbá rẹ̀ hunṣọ, bàbá bàbá rẹ̀ hunṣọ, wọ́n sì ti ri òpó òfì tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ní àyà. Á hun díẹ̀, á dúró, á mí, á tún hun. Bí ó bá na aṣọ tó ti parí sílẹ̀, ó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ikọ́ ti mú un lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń rọ̀ níbẹ̀, aṣọ á sì fẹ́lẹ́ díẹ̀. Àwọn oníbàárà kò mọ̀. Wọ́n rò pé ọnà ni.

Kò sí ẹni tó mọ Àmúdà tí kò ní oògùn fún un. Ẹnì kan ní kó máa jẹ àdán sísun. Ẹnì kan ní kó máa po omi ìgbín mọ́ oyin. Ẹnì kan tó kàn wá gba aṣọ rẹ̀ ní kó wá ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́, kó gbé e mì láàyè. Àmúdà dá a lóhùn pé àyà òun ti ń fọn fèrè ná, bí ẹyẹ bá tún wọ̀ ọ́, orin á pọ̀ jù. Orógbó nìkan ló ń jẹ, àti oògùn oníhóró funfun tí wọ́n ń fún un ní ọsibítù, èyí tó máa ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n bíi ti ẹni tó jí ẹran inú ìṣasùn.

Ọdún tí wọ́n dìbò, tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, ni Àmọ̀kẹ́ wá láti Ìpàpó, ó fẹ́ kí Àmúdà bá òun hun ìró kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń yan àwọ̀ òwú lọ́wọ́, ni ikọ́ bá gbé Àmúdà mì. Ó tẹ̀ síwájú lórí òfì rẹ̀, ó ń jà fún èémí, ó sì ń retí oògùn tí ọmọbìnrin yìí náà yóò júwe. Àmọ̀kẹ́ kò júwe nǹkan kan. Ó dìde, ó ti fèrèsé onípákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí, ó padà jókòó, ó kọjú sí títì bí ẹni tó ń wo ọkọ̀, títí tí àyà ọkùnrin náà fi rọ̀.

"Ìgbà wo lẹ ó parí ẹ̀?" ló wá béèrè.

Àmúdà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kẹrin ló parí rẹ̀. Ìyápọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òfì tiwọn kọjú síra, ní òun kò rí ẹni tí kò ní èémí tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí á tó fa ọmọ fún ọkọ nílẹ̀ wa, a ó kọ́kọ́ wádìí. Nígbà tí Àmúdà ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi Àmọ̀kẹ́ ṣe aya, àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìpàpó rán èèyàn wá sí Ìsẹ́yìn, ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣubúọlá, àbúrò bàbá Àmúdà tó tọ́ ọ dàgbà, ni wọ́n sì darí wọn sí. Wọ́n bi í bí ẹ̀tẹ̀ bá wà ní ìdílé wọn. Ó ní kò sí. Wáràpá ńkọ́? Kò sí. Wèrè ńkọ́? Ó ní kò sí, àfi ẹ̀gbọ́n òun kan tó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin lọ́dún kan ṣoṣo, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Wọn kò bi í ní ikọ́. Ìyá Ṣubúọlá kì í sì í dáhùn ohun tí a kò bi í.

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti wọ Àmúdà lára. Ó mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ikọ́ fée, pé ó máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀, pé ẹni tó bá fi ọmọ fún oníkọ́ fée ń fi ọmọ ọmọ rẹ̀ tọrọ fèrè. Bí bàbá Àmọ̀kẹ́ bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ìyàwó parí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ kí bàbá náà ní Ìpàpó, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló gbé oògùn mì kó tó wọ ìlú, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà, tí kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ládòkun lorúkọ bàbá náà, ṣùgbọ́n Bàbá Fàtímọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí Fàtímọ̀ àkọ́bí rẹ̀ tó ti lọ sílé ọkọ ní Òkèhò. Àgbẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì fẹ́ òmíràn. Ó wo Àmúdà láti òkè délẹ̀, ó ní ọmọ náà ní ìwà pẹ̀lẹ́. Àmúdà sì ń wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí èémí bá ti wọ́n, ìwà pẹ̀lẹ́ kì í wọ́n.

Àfi bí iṣẹ́ ṣe dé lóṣù Dìsẹ́ńbà pé Bàbá Fàtímọ̀ fẹ́ pa ọkà bàbà rẹ̀, kí àna kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fún ọ̀wẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì dúró níbi tí wọ́n ti ń pa ọkà bàbà nínú ọyẹ́ kò tíì mọ ohun tí a ń pè ní eruku. Wọ́n á kó orí ọkà jọ gegere sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi bọ́tọ́, ìgbẹ́ màlúù, rẹ́, wọ́n á fi igi lù ú, ìyàngbò á sì dìde bí ẹ̀fúùfù. Àwọn obìnrin á wá máa fẹ́ ẹ, èyí tí igi kò gbé sókè, atẹ́gùn á gbé e. Ẹni tó ní àyà irin pàápàá á wú ikọ́.

"Sọ fún wọn," ni Ìyápọ̀ wí.

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ ọmọ yín, àmọ́ ìdajì èémí ni mo ní, ẹ máa fọkàn sí i pé ìdajì tó kù ń bọ̀ lọ́nà?"

"Wọ́n á gbọ́ ọ náà ni. Ta ni kì í gbọ́ ọ?"

"Igi ọ̀wẹ̀ á máa ró. Ẹ máa kọrin kíkankíkan."

Ìyẹn ni ètò tí ọkùnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣe sórí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó di oògùn funfun mẹ́ta sínú ìṣẹ́po fìlà rẹ̀, òun àti ahunṣọ méje sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpàpó lówùúrọ̀ Sátidé. Gbogbo ọ̀nà ló funfun fún ọyẹ́. Nígbà tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú oògùn mẹ́ta náà ti lọ.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò náà ti péjọ, gbogbo wọn pọ̀ tó ọgbọ̀n. Àmúdà fẹ́ kọ́kọ́ fọgbọ́n ṣe é. Ó ní òun á máa pọnmi. Àwọn obìnrin fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun á máa kó orí ọkà sílẹ̀ fún àwọn tó ń lù ú. Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn, ọkọ ìyàwó kọ́. Ó kúkú gba igi. Ó ka ìlù méjìlá, ó gbọ́ ohùn tó mọ̀ dáadáa láti abẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀, ó rọra yà bàrá, ó gba ẹ̀yìn àká lọ.

Àká Bàbá Fàtímọ̀ ga, ó sanra, ó dúró lórí òkúta mẹ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dákẹ́. Àmúdà dúró níbẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé eékún, ó dorí kodò. Bí àyà rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Bí ó bá ti dúró báyẹn, èémí á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí onígbèsè tó ń yọ́ wọ ọjà. Ó dúró títí, ó gbé oògùn kejì mì láìsí omi, ó padà síbi iṣẹ́. Ó lu ọkà díẹ̀, ó tún padà sẹ́yìn àká. Nígbà kẹta tó lọ, ó rí òjìji ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ àká náà. Kó tó gbé orí sókè, òjìji ti lọ.

Ó ní ó tán, wọ́n ti rí òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde sí gbangba, ohun tó bá yàtọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀ sún kúrò lọ́nà fún un. Obìnrin kan tó ń fẹ́ ọkà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ìjọ́sìn o, àlùfáà," ni obìnrin náà wí.

Àmúdà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àlùfáà kan ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ó fa Ìyápọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ìyápọ̀ ń ti ẹ̀rín mọ́nú. "Àlùfáà Ràsáàkì tó wà láàárín wọn ló ń béèrè ẹ, pé ṣé ọkọ ìyàwó ti sá fún iṣẹ́ ni. Bàbá Fàtímọ̀ wá dáhùn pé kí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀, pé nàfílà, ìrun àfikún, lò ń kí lẹ́yìn àká. Ó ní òun rí ẹ tó o tẹ̀ nínú rúkúù."

"Nàfílà kẹ̀? Láìṣe àlùwàlá? Pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, tí mo kọ ẹ̀yìn sí gábásì, tí mo kọjú sí Ṣakí?"

"Bóyá wọn ò wo ẹsẹ̀ ẹ."

Ojú ti Àmúdà, inú rẹ̀ sì dùn. Méjèèjì jọ wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó ti ń wá irọ́ tí yóò pa láti oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn ló wá bá a pa á, tó tún pa á dáadáa jù bí òun ì bá ṣe pa á lọ. Nígbà kẹrin tó ń lọ sẹ́yìn àká, kò yọ́ mọ́. Ó rọra ń gbé ẹsẹ̀, ó ń mi ètè lọ́ọ́lọ́ọ́, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò ní. Ó kù díẹ̀ kí ó gba ara rẹ̀ gbọ́.

Àyè yìí ni Làásárì ti bá a. Lèmọ́ọ̀mù àdúgbò náà lọ sí Ìlerò fún ìsọmọlórúkọ, Àlùfáà Ràsáàkì ló máa ń dúró fún un bí kò bá sí nílé. Wọ́n gbá orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pa ọkà, wọ́n tẹ́ ẹní, gbogbo èèyàn ṣe àlùwàlá, Àmúdà náà ṣe tirẹ̀, àkọ́kọ́ tó ṣe láti ìgbà Àílà. Ó ti wá àyè sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, nítòsí ibi tí atẹ́gùn wà, nígbà tí Àlùfáà Ràsáàkì yíjú padà.

"Àna wa ni yóò ṣíwájú wa lónìí," ni àlùfáà wí. "Ẹni tó kí nàfílà mẹ́rin nídìí iṣẹ́, tí ẹ̀yin àti èmi ń pariwo orin, òun ló tọ́ sí."

"Mi ò tó bẹ́ẹ̀, sà," ni Àmúdà wí, òtítọ́ àkọ́kọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà sì nìyẹn.

"Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀," ni àlùfáà wí fún àwọn èèyàn.

Àmúdà wo ojú Bàbá Fàtímọ̀. Bàbá náà la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo àlùfáà, ó pa ẹnu dé. Àwọn èèyàn ti ń tì í síwájú. Ó rí ara rẹ̀ lórí ẹní lèmọ́ọ̀mù, eruku ọkà bàbà lábẹ́ rẹ̀, gábásì níwájú rẹ̀, ọgbọ̀n ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rántí pé inú fìlà òun ni oògùn kan ṣoṣo tó kù wà.

Ó mọ ìrun kí, kò sí ìyẹn nínú ẹjọ́. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń ka ti Làásárì, kò nílò ohùn púpọ̀. Ó kí ràkáà àkọ́kọ́, ó là á já. Nígbà tó forí kanlẹ̀ ni eruku wọ imú rẹ̀. Ó dìde fún èkejì, ó kà á, ó pe Allọ́hù Àkúbárù, ó tẹ̀ sí rúkúù, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé eékún. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dé.

Bí àyà rẹ̀ ṣe rí i pé òun ti tẹ̀ síwájú, tí ọwọ́ wà lórí eékún, ó mọ ibẹ̀. Ó ní ilé nìyí, òun kò lọ mọ́. Ó tì pa. Lèmọ́ọ̀mù sì gbọ́dọ̀ sọ gbólóhùn kan sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè gbérí, Àmúdà kò sì ní èémí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, áńbọ̀ntórí gbólóhùn. Ó dúró. Ọgbọ̀n ọkùnrin dúró pẹ̀lú rẹ̀ ní títẹ̀. Ewúrẹ́ kan wá, ó jẹ ọkà díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó wò wọ́n, ó jẹ sí i, ó lọ. Eékún ẹnì kan ró. Bàbá Jẹ́ẹ́dé, arúgbó tí ìbàdí ti ń dà láàmú láti ọdún tó kọjá, pe "Sùbùánà Lọ́hù" láti fi rán lèmọ́ọ̀mù létí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún pè é, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́ di ẹkún.

Nínú àyà Àmúdà, fèrè náà ń ró lọ́tọ̀, èémí kò sì sí láti gbé e jáde. Ó ń ronú pé bí òun bá kú síbí, ó kéré tán wọ́n á ní ìrun ni òun kú sí, Ìyá Ṣubúọlá á fi yangàn ní Ìsẹ́yìn, irọ́ náà á sì wà lórí òun títí lọ. Ìyẹn ló dùn ún jù. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, èémí kan yọ́ wọlé. Ó gbá a mú, ó fi í pe gbólóhùn náà, ohùn tó jáde sì tín-ín-rín bíi ti ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Gbogbo èèyàn gbérí pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Ó sáré parí ìyókù, ó sálámà sọ́tùn-ún sósì.

Àlùfáà Ràsáàkì ń nu ojú.

"Láti ọdún tí mo ti ń kírun," ló wí, "n kò rí rúkúù tó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó báyìí."

Bàbá Jẹ́ẹ́dé di ìbàdí rẹ̀ mú, kò ṣe àmín.

Wọ́n ń gbé oúnjẹ jáde nígbà tí Bàbá Fàtímọ̀ fọwọ́ kan Àmúdà léjìká. "Bá mi ká lọ sẹ́yìn àká," ni bàbá náà wí. Àmúdà tẹ̀lé e. Ó ti ń ro bí òun yóò ṣe ṣàlàyé rúkúù, ó ti ń tò ọ́, ó fẹ́ sọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló gbé òun lọ. Bàbá náà dúró síbi tí Àmúdà ti dúró látàárọ̀ gan-an, ó gbé ọwọ́ lé ara àká.

"Ṣé ó ti rọ̀ ẹ́?"

"Kí ni, bàbá?"

"Ikọ́ náà."

Àlàyé tí Àmúdà tò kalẹ̀ wó lulẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bàbá náà dì í mú.

"Má tún tẹ̀ níwájú mi lónìí, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ń pa mí. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ tí o ò dìde, mo mọ ohun tó ṣe ọ́. Mo ní bí èmi bá gbérí, gbogbo wọn á gbérí, wọn á máa wò ọ́. Mo bá bá ọ dúró síbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé nàfílà ni mò ń kí."

"Mo rí ọ. N kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà níwájú ìyàwó rẹ. Irọ́ ni mo pa, kí Ọlọ́run forí jì mí. N kò mọ̀ pé Ràsáàkì á mú irọ́ mi, á fi jẹ lèmọ́ọ̀mù."

Àmúdà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún yín nípa ikọ́ náà?"

"Àmọ̀kẹ́ ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ti Ìsẹ́yìn dé. Ó ní òun rí ahunṣọ kan tí àyà rẹ̀ ń dún bíi ti ìyá òun."

Bàbá náà wo ilẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí. Láti iwájú ilé ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń jẹun.

"Ibí yìí ni," ló wá wí. "Kì í ṣe àká yìí ló wà níbí nígbà náà, mo wó ìyẹn. Àwọn èèyàn ìyàwó mi ti sọ fún un pé kó má jẹ̀ẹ́ kí n mọ̀, pé bí mo bá mọ̀, n ó lé e. Ọdún méjìlá ló lò lọ́dọ̀ mi. Bí ó bá ti fẹ́ mú un, á wá síbí wá bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé obìnrin tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo tilẹ̀ máa ń fi í yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Lọ́jọ́ tí ó le, iwájú ilé la wà tí à ń jẹun bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ yìí. A ò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ̀kẹ́ ló wá ìyá rẹ̀ débí. Ọmọ ọdún méje ni."

Àmúdà rántí fèrèsé tí ọmọbìnrin náà tì ṣí láìsọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì wá ọ̀nà tí yóò fi sọ pé eruku ni.

"N kò bínú sí ikọ́," ni Bàbá Fàtímọ̀ wí. "Ikọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yìn àká ni n kò fẹ́. N kò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí yóò máa sá lọ sẹ́yìn àká, kí ọmọ náà má baà tún rí òkú ẹlẹ́ẹ̀kejì níbẹ̀. Gbogbo wọn wà níwájú ilé. Bí o bá lè fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn, ìyàwó rẹ nìyẹn. Bí o kò bá lè sọ ọ́, lọ jẹun kí o máa bọ́ sílé, n kò ní dì ọ́ sínú."

Láti ẹ̀yìn àká dé iwájú ilé kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gùn fún Àmúdà ju ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ. Bí wọ́n ṣe rí i ni Àlùfáà Ràsáàkì sún lórí ẹní, ó fi ọwọ́ lu ibi tó dára jù fún un. Àmọ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́. Ó wo ojú rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi," ni Àmúdà bẹ̀rẹ̀, ó sì rí i pé òun ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú èémí òun kí èèyàn. Ó dúró, ó wá òmíràn. "Mo ní ikọ́ fée. Ó ti pẹ́ lára mi. N kò kí nàfílà kankan lónìí. Àílà gan-an, ó máa ń pẹ́ kí n tó kí i. Mo fi pamọ́ fún yín nítorí mo fẹ́ Àmọ̀kẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí."

Ìyápọ̀ gbé òkèlè dúró lókè. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Bàbá Jẹ́ẹ́dé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tó ṣì di ìbàdí rẹ̀ mú.

"Àṣé ikọ́ ló dá wa dúró ní títẹ̀," ló wí. "Èmi rò pé Ọlọ́run ni."

Ẹ̀rín bú láti ìhà ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó kárí. Àlùfáà Ràsáàkì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ó rò ó, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ìrun ti gbà ná, ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ pé ni yóò ṣíwájú ní Mùgàríbà. Ó tún ní kí Àmúdà má bínú o, ṣé ó ti jẹ àdán sísun rí? Báyìí ni oògùn bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní oyin. Ẹnì kan ní egbò igi kan tó wà lọ́nà oko Ìlerò. Bàbá Jẹ́ẹ́dé ní òun mọ ọmọ ẹyẹ kan.

Bàbá Fàtímọ̀ ti ẹ̀yìn àká yọ, ó ń fi ẹsẹ̀ fà nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ jáde, ó gbé e sábẹ́ igi òrí níwájú ilé, níbi tí eruku kì í dé.

"Orí eléyìí ni kí o máa jókòó sí," ló wí, "níbi tí gbogbo wa á ti máa rí ọ."

Àmọ̀kẹ́ gbé igbá omi lé Àmúdà lọ́wọ́, Àmúdà yọ oògùn tó kù nínú fìlà, ó gbé e mì. Ọmọbìnrin náà dúró tì í, ó kọjú sí títì bí ẹni tó ń wo ọkọ̀. Àmúdà tẹ̀ síwájú lórí àpótí àna rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé eékún, ó sì ń fọn fèrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé.